Ọmọlanke wọ àkùrọ̀: ìrìn-àjò wa láti Àbújá sí Nguru

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Dei-Dei

Wẹ́dà fẹ́ jó ọ̀pá tó mú ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ìdí ọmọlanke pátápátá, níbi tí wọ́n máa ń fi í sí fún àwọn tó ń kó sìmẹ́ǹtì nínú ọjà. Mo ní kó sún un wá síwájú, kó bọ́ sí abẹ́ àárín ẹrù, kó kàn yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ọwọ́ ọmọlanke lè wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á. Ó ní irú ẹ̀ kì í dúró dáadáa tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n rírìn la fẹ́ kó rìn. Bí ọ̀pá bá wà ní ìdí, ìdajì ẹrù ló máa gbé ara lé ọwọ́ ẹni. Lórí ọ̀dà, èèyàn á fara dà á. Nínú yanrìn Nguru, èjìká á bó.

Ohun tí à ń lọ ṣe kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà tó ń dọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ńlá máa ń to ẹyẹ ẹ̀tàn sínú oko kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn tó ń fò lókè lè rò pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ti rí oúnjẹ nísàlẹ̀. Ẹyẹ ẹ̀tàn mẹ́wàá, èèyàn á gbé e kọ́ èjìká. Tó bá ti di ọgọ́rùn-ún, tí oko sì jìn sí títì, tí ẹrẹ̀ ò jẹ́ kí mọ́tò wọlé, ọmọlanke ló kù. Èmi, àbúrò mi obìnrin àti Bàbá Ìbejì tó ń wa mọ́tò, kámẹ́rà la gbé, a ò gbé ìbọn: àwòrán ẹyẹ la fẹ́ fi ẹyẹ ẹ̀tàn yà. Apá kan ibi tí à ń lọ, àkùrọ̀ Nguru ní Yobe, wà nínú Chad Basin National Park, wọn kì í yìnbọn níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló fẹ́ gbé ìbọn kọjá gbogbo ibi àyẹ̀wò tó wà láti Zuba títí dé Yobe?

Ẹyẹ tí ọkàn wa fà sí ni pẹ́pẹ́yẹ ẹlẹ́gùn-ún (spur-winged goose), èyí tó tóbi jù nínú gbogbo ìdílé pẹ́pẹ́yẹ ní Áfíríkà. Akọ rẹ̀ lè wọn kílò mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ pupa, ẹ̀gún sì wà ní oríkèé apá rẹ̀ méjèèjì tó fi ń jà.

Ẹsẹ̀ ọmọlanke ni mo náwó sí jù. Táyà ọ̀kadà ga, ó sì ń yá lórí ilẹ̀ líle, ṣùgbọ́n ó tínrín, yanrìn á gbé e mì. Táyà Kẹ̀kẹ́ Màrúwá la rà, 4.00-8, irú èyí tí wọ́n ń fi sí bàrò náà. Ó fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́rin, fọkanáísà tó wà létí títì èyíkéyìí sì mọ̀ ọ́n.

Ti ẹyẹ ẹ̀tàn, ọ̀nà mẹ́ta la gbà ṣe wọ́n. Pátákó ìpolongo ìbò ọdún 2023, àwọn oníke pẹlẹbẹ yẹn, la gé púpọ̀ nínú wọn, a fi ọ̀dà dúdú àti funfun kùn wọ́n. Bí oòrùn bá mú un dáadáa, ẹ ṣì lè rí eyín olóṣèlú kan lábẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ mélòó kan. Èkejì ni àpò ìrẹsì tí àbúrò mi rán, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, a so ó mọ́ igi. Atẹ́gùn á wọ inú rẹ̀, á wú, á máa mi. Ẹ̀kẹta ni mẹ́fà tó jẹ́ odidi pẹ́pẹ́yẹ oníke. Àwọn odidi yìí kò wúwo, ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n ń gbà kò kéré. Mẹ́fà péré gba ìdá kan nínú mẹ́ta àyè inú ọmọlanke.

Ọjọ́rú, Àbújá sí Kano

Kaduna, Zaria, Kano. Ojúmọmọ la fi rin gbogbo rẹ̀. Bàbá Ìbejì kì í wa ọ̀nà yẹn lálẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi ilé ta á lọ́rẹ. A tú ẹsẹ̀ ọmọlanke kúrò, a dojú ara rẹ̀ dé orí mọ́tò, a so ó. Ọyẹ́ bo Zaria mọ́lẹ̀ débi pé ọ̀sán gangan la tan iná mọ́tò.

Sabon Gari la sùn sí. Ìyá kan tó ń ta àmàlà níbẹ̀, ọmọ Ọ̀fà ni, gbọ́ ohun tí à ń bá lọ, ó ní, "Ọmọ mi, ẹyẹ tí ẹ ò ní jẹ, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo sọ fún un pé pẹ́pẹ́yẹ ẹlẹ́gùn-ún tilẹ̀ léwu láti jẹ nígbà mìíràn. Kòkòrò kan wà tí oró rẹ̀ máa ń mú awọ ara lé ròrò, ẹyẹ náà á jẹ ẹ́, nǹkan kan ò ní ṣe ẹyẹ, ṣùgbọ́n oró tí wọ́n ń pè ní cantharidin yẹn á wà nínú ẹran rẹ̀. Mílígírámù 10 péré tó láti pa èèyàn. Ìyá wò mí títí, ó wá bu ẹran ògúnfe lé àmàlà mi. "Jẹ èyí tá a mọ̀, jàre."

Ọjọ́bọ̀, Kano sí Nguru

A gba Gumel àti Hadejia lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi nílò ọmọlanke létí adágún tí ọkọ̀ ojú omi wà, láti Kano ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Odò Hadejia àti odò Jama'are ló pàdé di odò Yobe, tó ń ṣàn lọ sí adágún Chad. Ní 1974 ni wọ́n parí dáàmù Tiga sí òkè odò, Challawa Gorge tẹ̀ lé e ní 1992. Látìgbà yẹn, omi kì í kún bó ṣe ń kún tẹ́lẹ̀ nígbà òjò, kì í sì í gbẹ tán bó ṣe ń gbẹ tẹ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi díẹ̀díẹ̀ tí kì í dáwọ́ dúró yìí ni koríko Typha fẹ́ràn jù. Kachalla ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó ga ju èèyàn lọ, ó ti dí ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà omi pa, ọkọ̀ apẹja ò rí ibi gbà dé àwọn etí omi kan mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, ẹsẹ̀ ni.

Ní ibi àyẹ̀wò kan lẹ́yìn Hadejia, sójà kan fi ọwọ́ gbé etí tapólínì sókè, ló bá di pé òun àti orí pẹ́pẹ́yẹ oníke ń wo ara wọn. Ó pe èkejì. Èkejì pe ọ̀gá. "Agwagwa?" Bàbá Ìbejì tí wọ́n bí sí Kano fi Hausa ṣàlàyé títí, pé wọn kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ, pé pẹ́pẹ́yẹ la fẹ́ fi wọ́n pè. Ọ̀gá béèrè bóyá wọ́n lè pe ewúrẹ́ náà wá. A fi ìwé ìyọ̀ǹda wa hàn wọ́n, wọ́n kà á tìṣọ́ratìṣọ́ra, wọ́n ní ká má ṣe kọjá ibi tí ẹ̀ṣọ́ igbó bá ti ní ká dúró, ká sì wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn lágbègbè yẹn, a ò sì jà á níyàn.

A dé Nguru ní ìrọ̀lẹ́. Ìlú tí ọ̀nà rélùwéè láti Kano parí sí nìyí.

Ọjọ́ Ẹtì, etí adágún Nguru

A kọ́kọ́ lọ kí bùlámà, olórí àdúgbò. Òun ló fún wa ní ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan tó máa mú wa rìn. Lẹ́yìn náà la fi ọwọ́ lásán rìn yí etí omi ká títí di àsìkò Jímọ̀. Àwọn kan máa ń rò pé ẹyẹ ẹ̀tàn ló ń pe ẹyẹ wá. Ẹyẹ ẹ̀tàn kì í pe ẹyẹ wá sí ibi tí kò ti fẹ́ wá tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti jẹun lánàá la ní láti kọ́kọ́ rí. Apẹja yìí mọ̀ ọ́n: ó mú wa dé oko ìrẹsì kan tí wọ́n ti kórè, ìgbẹ́ ẹyẹ kún ilẹ̀, ìyẹ́ dúdú wà káàkiri, ojú ẹsẹ̀ tí awọ so ìka rẹ̀ pọ̀ tẹ ẹrẹ̀ ní gbogbo etí omi. Láti títì débẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà méjì: yanrìn, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tó sán, lẹ́yìn náà ojú omi kékeré kan, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀.

Adágún Nguru àti ojú omi Marma tó so mọ́ ọn ló kọ́kọ́ wọ ìwé Ramsar ní Nàìjíríà, ìwé àgbáyé tí wọ́n ń kọ àwọn àkùrọ̀ pàtàkì sí, ní oṣù Kẹwàá 2000, hẹ́kítà 58,100. Lójú àlejò, ìyẹn á dà bí ibi tí èèyàn kankan ò sí. Àmọ́ gbogbo ibi tí a gbà ló ní olóko: àlùbọ́sà, ata, ìrẹsì, àlìkámà. Baba kan tó ni oko àlìkámà rí wa tí à ń wọn ilẹ̀ pẹ̀lú ojú, ó bi apẹja pé kí la fẹ́ ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó bínú. Ó ní òun ti fi okùn àti agolo yí oko òun ká, àwọn ọmọ òun ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ láti òwúrọ̀ dalẹ́, a wá ti Àbújá gbé ẹrù wá láti máa pè wọ́n. Kí lèèyàn fẹ́ fi dá a lóhùn? A ní a ó sún jìnnà sí àlìkámà rẹ̀, sí apá kejì oko ìrẹsì tó ti kórè, a ó sì kó ẹrù wa kúrò kí oòrùn tó mú. Ó ní ká fi Ọlọ́run búra. Apẹja bá wa ṣe onídùúró.

Lọ́sàn-án, a gbé ọmọlanke sọ̀ kalẹ̀ láti dán an wò. Pẹ̀lú táyà tó kún fún afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fun ún ní Dei-Dei, ó gbẹ́ ojú ọ̀nà méjì sínú yanrìn, ó jìn tó ìka ọwọ́, èèyàn méjì ló sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ títí táyà fi yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ ẹrù bí ikùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Ọ̀nà kan náà, ẹrù kan náà, àbúrò mi nìkan fà á lọ. Ilẹ̀ tí táyà ń tẹ̀ ti fẹ̀ sí i ni, ìwúwo kan náà ti pín sórí ibi tó pọ̀, yanrìn ò sì rí i gbé mì mọ́. Àwọn tó ń wa mọ́tò nínú aṣálẹ̀ mọ ìyẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà: bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, táyà á máa yí lórí irin, á fa ẹnu túùbù já.

Bàbá Ìbejì fẹ́ràn kó máa tì í láti ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń ti ọmọlanke lójà. Nínú yanrìn, kéèyàn máa tì í láti ẹ̀yìn kò dára. Agbára ẹni tó ń tì ń ti ẹsẹ̀ ọmọlanke wọ ilẹ̀. Agbára ẹni tó ń fà ń gbé e sókè díẹ̀, ó ń jẹ́ kó gun orí ohun tó bá wà níwájú. A jiyàn lórí èyí títí. Nígbà tó yá ó fà á fúnra rẹ̀ lọ sí ìdí igi, ó padà, kò sọ nǹkan kan, ó lọ bu omi mu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, inú oko

Aago mẹ́ta ààbọ̀ la jí. Òtútù ọyẹ́ ní Nguru kì í ṣe ti Àbújá. Ètè àbúrò mi ti sán kó tó wọ bàtà òjò rẹ̀. Ẹrù ti wà nínú ọmọlanke láti alẹ́: báàtìrì, àpótí kámẹ́rà àti kẹ́ẹ̀gì omi nísàlẹ̀, lórí ọ̀pá gan-an, àwọn ẹyẹ pátákó ní ìdúró sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, odidi pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà láàárín, àpò ìrẹsì àti aṣọ ibùba lórí gbogbo rẹ̀. Okùn tín-ín-rín a máa tú nínú gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, nítorí náà rọ́bà túùbù àtijọ́ la gé la fi dì í. Gbogbo ibi tí irin ti lè kan irin la fi àkísà wé. Ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, lórí omi tó pa rọ́rọ́, ìró irin kan ṣoṣo á dé ìsọdá.

Yanrìn kò fún wa ní wàhálà. Ojú omi kékeré yẹn ló dá wa dúró. Kò jìn ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ga, ẹrẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. A ti gbé pákó méjì dání. Apẹja tẹ́ wọn sílẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọmọlanke kọ̀ọ̀kan, èmi mú ọwọ́ rẹ̀, Bàbá Ìbejì di okùn mú láti ẹ̀yìn kó má bàa sáré lé mi lórí. Ẹsẹ̀ òsì yọ̀ kúrò lórí pákó lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹrù fẹ̀gbẹ́, kò ṣubú. Nítorí pé ohun tó wúwo wà nísàlẹ̀ ni. Ká ní kẹ́ẹ̀gì omi wà lókè ni, kámẹ́rà á ti wẹ̀.

Ní ìsọdá, nínú ẹrẹ̀, ọmọlanke parí iṣẹ́ tirẹ̀. A fi í sílẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti le mọ, a fi kachalla gbígbẹ bò ó, a fi ọwọ́ kó èyí tó kù. Mi ò rò pé ó dára láti fi agídí fà á dé ìkángun. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọ̀nà ló ti gbé ẹrù fún wa, a ṣì ní agbára láti ṣiṣẹ́.

Títò ẹyẹ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹyẹ ńlá kì í bà lé ilẹ̀ láìkọjú sí atẹ́gùn. Ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn, nítorí náà a gbé ibùba sí apá ibẹ̀, atẹ́gùn lẹ́yìn wa, ká lè rí ojú wọn bí wọ́n bá ń bọ̀. Oòrùn náà máa yọ láti ẹ̀gbẹ́ òsì wa, sí ìhà ẹ̀yìn díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á tàn sára wọn. Àwọn ọdẹ tó ń lo ọgbọ́n yìí kì í ronú kan ìmọ́lẹ̀, àmọ́ fún oníkámẹ́rà, oṣù ọyẹ́ fi méjèèjì sí apá ìlà-oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́. A to ẹyẹ ẹ̀tàn bí apá méjì tó là síwájú, a fi àyè sílẹ̀ láàárín kí wọ́n rí ibi bà lé. Àwọn àpò wà níwájú, kí atẹ́gùn máa wọ ẹnu wọn.

Wíṣíwíṣí ló kọ́kọ́ dé, àwọn pẹ́pẹ́yẹ olójú funfun tó ń súfèé. Òkùnkùn kò tíì ká, etí la fi mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Wọ́n kọjá lórí wa, wọn kò bà. Garganey tẹ̀ lé wọn, àwọn kéékèèké tó ń ti Yúróòpù àti Éṣíà fò kọjá Sàhárà wá lo ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn bà sórí omi, jìnnà sí wa. Oòrùn yọ ní nǹkan bí aago 6:40, pupa, kò ní ìtànṣán nítorí eruku. Lẹ́yìn ìyẹn ni apẹja fọwọ́ kàn mí lápá.

Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Ẹyẹ tó tóbi tó yẹn, ìró apá rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n yí wa ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lọ jìnnà bí ẹni tí kò ní padà mọ́, wọ́n wá kọjú sí atẹ́gùn, wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mọ́kànlá bà. Èyí tó súnmọ́ wa jù kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ, ó tóbi débi pé lẹ́ńsì mi kò gbà á tán, orí àti ọrùn nìkan ni mo yà. Àbúrò mi tó mú lẹ́ńsì kékeré ló rí odidi rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gún apá tó yọ síta bó ṣe ń pa ìyẹ́ dé.

Ohun tí mo rí, tí mo sì dúró lé lórí: ẹ̀gbẹ́ àwọn àpò ìrẹsì ni púpọ̀ nínú wọn bà sí. Ẹ̀gbẹ́ pátákó, díẹ̀. Odidi pẹ́pẹ́yẹ oníke mẹ́fà tó gba ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọlanke, ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ wò ó. Ohun tó ń mi ló ń dá wọn lójú, kì í ṣe ohun tó jọ wọ́n dáadáa. Gbogbo àpò náà lápapọ̀ kò tó kílò mẹ́ta.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ la kó ẹrù. Baba alálìkámà ti dúró létí oko rẹ̀. Ó kà wá bí a ṣe ń jáde.

Ọjọ́ Àìkú, Dagona

Ibi ààbò ẹyẹ Dagona wà lọ́nà Gashua, adágún kan tí odò ti yà kúrò lára rẹ̀, tó tẹ̀ bí àmùrè. Abẹ́ National Park ló wà. A fi gbogbo ẹyẹ ẹ̀tàn sílẹ̀ nínú mọ́tò; ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ẹyẹ lè sinmi kọ́ ni èèyàn ti ń tàn wọ́n. Kámẹ́rà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé e lé àti omi nìkan ló wà nínú ọmọlanke, ó fúyẹ́, inú wa dùn.

Gabaruwa ló ba inú dídùn yẹn jẹ́. Ẹ̀gún igi yìí gùn, ó sì le, ó gba inú táyà kọjá sí túùbù ní ibi mẹ́ta. Karangiya, koríko ẹlẹ́gùn-ún wẹ́wẹ́, ti kún ṣòkòtò gbogbo wa títí dé orúnkún, a jókòó sílẹ̀ à ń yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kékeré kan kọjá lórí ọmọlanke tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, igi ìdáná kún un dé òkè, táyà mọ́tò ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kí wa, kò dúró.

Ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú wa wọlé ló yanjú rẹ̀. Ó ní ká tú táyà, ká fa túùbù jáde, ó wá gé kachalla gbígbẹ, ó ń lọ́ ọ bí okùn, ó ń kì í sínú táyà títí ó fi le. Ó gbà á tó wákàtí kan. Ọmọlanke náà ń fo díẹ̀ nígbà tó ń rìn, ṣùgbọ́n ó gbé wa dé títì.

Ọjọ́ Ajé, Kano

A gba Hadejia padà. Baturiya wà lápá ibẹ̀, ní Jigawa, ibi ààbò tó wọ ìwé Ramsar ní 2008, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Nguru. Apẹja ti sọ fún wa pé yanrìn ni láti títì dé ibi omi, ó sì jìn ju ti Nguru lọ. Ìyẹn la ń jiyàn lé lórí títí a fi dé Sabon Gari. Bàbá Ìbejì ní ká ra táyà mọ́tò àlòkù méjì bí ti ọmọ yẹn. Àbúrò mi ní ríìmù rẹ̀ nìkan á wúwo ju gbogbo ẹyẹ tí òun rán lọ, ṣé Bàbá Ìbejì ló máa jẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́? Èmi fara mọ́ táyà tó fẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí odidi pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà jókòó sílé, kí àyè wọn di ti omi mímu.

Ìrọ̀lẹ́ la débi tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Bàbá Ìbejì fi ẹsẹ̀ tẹ táyà kan, ó dá owó, ọlọ́jà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, Bàbá Ìbejì sì ń lọ. Kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi pè é padà.